Fáírọ́ọ̀sì Kọ́! Ẹ Yéé Fọ́ọ́mátì Láptọ́ọ̀pù Wa

Gbólóhùn méjì kan wà tó ti sú wa gbọ́. Èkíní ni "fáírọ́ọ̀sì ni." Èkejì ni "a máa fọ́ọ́mátì ẹ̀ ni." Bí láptọ́ọ̀pù bá ń hang, fáírọ́ọ̀sì ni. Bó bá ń kú lójijì láàárín iṣẹ́, fáírọ́ọ̀sì ni. Bó bá gbóná bí ààrò, fáírọ́ọ̀sì náà ni. Oògùn gbogbo rẹ̀ ò sì ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n nu ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n gbé Windows mìíràn lé e, kí wọ́n gbowó, ó tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ á tún gan bí igi gbígbẹ, ẹni tó ni ín á tún gbé e padà lọ, owó á tún jáde lápò.

Àwa ò gbà mọ́. Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀: kọ̀ǹpútà kì í gan láìnídìí, ìdí náà sì ṣeé wá rí. Ẹni tó bá ń fọ́ọ́mátì ẹ̀rọ kó tó wádìí ohun tó ṣe é, iṣẹ́ kọ́ ló ń ṣe, tẹ́tẹ́ ló ń ta, dúkìá wa ló sì fi ń ta á. Bí ara ọmọ bá gbóná, dókítà gidi á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí ó mọ̀ pé ara gbígbóná kọ́ ni àrùn, àmì àrùn ni. Gígan kọ̀ǹpútà náà, àmì ni. Kí ló dé tí àwọn tó ń tún un ṣe fi ń lo oògùn kan ṣoṣo fún àrùn mẹ́wàá?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ eré la ń sọ. Ẹni tó wà ní ọdún ìkẹyìn mọ ohun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù òun. Próójẹ́ẹ̀tì tó ti dé orí kẹrin wà níbẹ̀. Èsì ìwé ìbéèrè tí a fi ẹsẹ̀ rìn pín láti ojúlé dé ojúlé wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ka èdè Yorùbá, tó lọ gba oríkì ìdílé sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan ní abúlé, ohùn ìyá náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá nu ohùn yẹn kúrò, tí ìyá náà sì ti wọ káà ilẹ̀ sùn, ta ni yóò tún un kì? Ẹni tó ní "fáìlì lásán ni, wàá tún un ṣe" kò mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó ń mú kí ẹ̀rọ gan ní tòótọ́. Kò sí awo nínú rẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa ni pé ohun tí a gbé lé ẹ̀rọ lórí ju agbára rẹ̀ lọ. RAM kọ̀ǹpútà dà bí àtẹ tí ìyá ọlọ́jà pàtẹ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Hard disk ni yàrá ẹ̀yìn tó kó ọjà yòókù pamọ́ sí. Ohun tí oníbàárà bá ń rà, orí àtẹ ló gbọ́dọ̀ wà. Bí àtẹ bá kún, ìyá ní láti gbé nǹkan kan padà sí yàrá kó tó lè gbé òmíràn jáde. Bí oníbàárà mẹ́wàá bá wá dúró sí i lórí, tí kálukú ń béèrè ohun tó wà ní yàrá, sísáré lọ sáré bọ̀ nìkan ni màmá yóò máa ṣe, kò ní ráyè ta kọ́bọ̀ kan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB nìyẹn, bí a bá ṣí Word, ká ṣí WhatsApp, ká ṣí Zoom, ká wá ṣí ogún táàbù sínú Chrome. Bí hard disk inú rẹ̀ bá jẹ́ ti àtijọ́, èyí tó ní àwo tó ń yí nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí apá kékeré kan sì ń sáré kiri lórí rẹ̀ láti wá nǹkan, yàrá ẹ̀yìn ọ̀hún ti jìnnà nìyẹn. Ẹ̀rọ á dúró gbagidi. Kò kú o. Ó ń sáré lọ sáré bọ̀ ni.

Ooru ló tẹ̀ lé e. Processor tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ máa ń gbóná bó bá ti ń ṣiṣẹ́. Fáànù kékeré ló ń fẹ́ ooru náà síta. Ọ̀pọ̀ processor kì í fẹ́ kọjá bí ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀, ó máa kọ́kọ́ dín eré rẹ̀ kù kó lè tutù. Bí ooru bá ṣì ń pọ̀ sí i, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Ẹ wá ro ọ̀rọ̀ wa wò: eruku ọyẹ́ ti di bí òwú sí ẹnu fáànù, a gbé láptọ́ọ̀pù lé orí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ferese yàrá méjì péré, ènìyàn mẹ́fà nínú yàrá. Fáírọ́ọ̀sì wo ló tún kù tí a ń wá?

Ẹ̀kẹta ni hard disk tó ti ń kú lọ. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù wa ló jẹ́ tokunbo, ẹlòmíràn ti lò ó fún ọdún pípẹ́ kó tó dé ọwọ́ wa. Àwa náà á wá gbé e jókòó lórí ọ̀kadà láìpa á, a kàn pa ìdérí dé ni, ọ̀nà ń jù wá sókè jù wá sílẹ̀, bó bá sì ṣèèṣì jí nínú báàgì, àwo inú rẹ̀ á máa yí, apá tó ń kàwé lórí àwo náà kò sì jìnnà sí i rárá. Bí ibì kan bá ti bàjẹ́ lórí àwo, ẹ̀rọ á gbìyànjú àtikà á, á tún gbìyànjú, á tún gbìyànjú, gbogbo nǹkan á sì dúró dè é. Ohun tí a ń pè ní hang nìyẹn. Hard disk tó wà ní ipò yìí ni wọ́n ń fọ́ọ́mátì fún wa! Ẹni tó fọ́ọ́mátì disk tó ń kú lọ dà bí ẹni tó ń kun ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti ń wó. Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àsìkò tí disk ṣì lè sọ díẹ̀ nínú ohun tó mọ̀, tó yẹ kí a fi kó fáìlì wa jáde, àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n fi ń nu ún.

Ẹ̀kẹrin ni iná. A mọ bí iná wa ṣe rí. A tún mọ bí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" ṣe ń ṣe nígbà tí epo bá fẹ́ tán: gílóòbù á mọ́lẹ̀, á ṣe bàìbàì, á tún mọ́lẹ̀. Bátìrì láptọ́ọ̀pù ló yẹ kó gba ìyà yẹn jẹ, kí iṣẹ́ má baà dúró. Ṣùgbọ́n bátìrì mélòó ló ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì? Àwọn kan ti yọ tiwọn sọ nù, tààrà ni wọ́n ń lo iná. Bí wọ́n bá seju mú iná, ẹ̀rọ kú nìyẹn, bí Windows bá sì ń kọ nǹkan sórí disk lọ́wọ́ lásìkò náà, fáìlì á dàrú. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, Windows fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gan, wọ́n á sì tún ní fáírọ́ọ̀sì ni.

Ìkarùn-ún ni sọ́fúwíà, àwa fúnra wa sì mọ̀ nípa eléyìí. Áńtífáírọ́ọ̀sì méjì nínú ẹ̀rọ kan, tí ọ̀kan ń yẹ fáìlì tí èkejì náà ń yẹ̀ wò wò: aṣọ́de méjì tó ń fura sí ara wọn lójú ọ̀nà kan náà. Driver tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ náà. Disk C tó ti kún dé ẹnu. Sọ́fúwíà tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tó ní ká kọ́kọ́ pa áńtífáírọ́ọ̀sì kó tó lè wọlé. Ibí yìí gan-an ni fáírọ́ọ̀sì gidi ti ń wọlé, a ò sì sọ pé kò sí fáírọ́ọ̀sì láyé. Ó wà. Ṣùgbọ́n olè tó fẹ́ jí ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì yín kò ní fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òun wà nílé. Kì í sábà jẹ́ òun ló ń gan ẹ̀rọ mọ́ yín lójú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn, ẹ rán an létí ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024. Lọ́jọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà tó tó mílíọ̀nù 8.5, gẹ́gẹ́ bí Microsoft ṣe ṣírò rẹ̀, ló dákú káàkiri àgbáyé, ojú wọn di búlúù. Ọkọ̀ òfuurufú ò lè gbéra, iṣẹ́ dúró ní báńkì àti ilé ìwòsàn. Ojú ẹsẹ̀ làwọn kan ti ní olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti dé. Kò sí olè kankan. CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sọ́fúwíà ààbò, ló fi update kan ránṣẹ́ tó ní àṣìṣe nínú. Ètò náà ń retí nǹkan 21, 20 ni wọ́n kó fún un. Ó na ọwọ́ sí ìkọkànlélógún, ibi tí kò yẹ kó dé nínú RAM ló kàn, Windows sì ṣubú. Ẹ gbọ́ ìtọ́jú tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn ṣe: kí wọ́n tan ẹ̀rọ ní Safe Mode, kí wọ́n pa fáìlì aláṣìṣe náà rẹ́, kí wọ́n tún un tàn. Fáìlì kan! Ká ní àwọn ẹnjiníà wa ni wọ́n pè lọ́jọ́ náà ńkọ́? Mílíọ̀nù mẹ́jọ àti ààbọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọn ì bá fọ́ọ́mátì.

A mọ ohun tí wọ́n máa fi dá wa lóhùn. Wọ́n á ní, "Ṣebí bí a bá fọ́ọ́mátì rẹ̀, ó máa ń yá?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń yá, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Disk tó kún ti ṣófo, àwọn sọ́fúwíà tó ń dìde fúnra wọn nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ ti lọ, ìdí nìyẹn. Ẹ lè ṣe àwọn nǹkan méjèèjì yẹn láìpàdánù fáìlì kan. Ṣùgbọ́n fọ́ọ́mátì ò fi RAM kún RAM, kò gbá eruku kúrò lẹ́nu fáànù, kò wo disk tó ń kú sàn, kò dá bátìrì padà. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Òtítọ́ tó korò ibẹ̀ ni pé fọ́ọ́mátì rọrùn, kò gba ọpọlọ, ọ̀gá lè ní kí ọmọṣẹ́ kékeré ṣe é, oníbàárà á sì tún padà wá. Wíwádìí ló ń gba àkókò.

Wọ́n á tún ní owó ò sí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ra SSD tàbí RAM. Òótọ́ ni, kò rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó san owó fọ́ọ́mátì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún ti ń ná owó ọ̀hún díẹ̀díẹ̀ láìrí nǹkan kan gbà. Pípa táàbù tí a ò lò kò gba kọ́bọ̀. Gbígbé láptọ́ọ̀pù lé orí tábìlì dípò bẹ́ẹ̀dì kò gba kọ́bọ̀.

Ohun tó ń bí wa nínú jù nínú àṣà yìí ni ẹni tí wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù. Bí ẹ̀rọ bá ti ṣe nǹkan, ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ló jẹ̀bi. Ẹ rántí UTME ọdún 2025. Nígbà tí èsì jáde, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó ṣe é, tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, ni kò gba tó 200 nínú 400. Kíá la ti ń gbọ́ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í kàwé. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, bọ́ síwájú àwọn oníròyìn, ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ti ọ̀dọ̀ àwọn wá, ó sì sunkún. Update kan tó yẹ kó wà lórí server ni kò dé orí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ìlà-oòrùn. Ọmọ 379,997 ló kàn. A yìn ín pé ó jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó wádìí ẹ̀rọ, orí àwọn ọmọ ni wọ́n ti kọ́kọ́ di ẹ̀bi lé. Àwa la mọ bó ṣe ń dunni.

Bí ti ilé ẹ̀kọ́ gíga náà ṣe rí nìyẹn, lọ́pọ̀ ibi. Ẹ wà nínú ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ gan, aago ò dúró. Ẹni tó ń ṣọ́ yàrá ní kí ẹ pa á kí ẹ tún un tàn. Ẹ tún un tàn, ìdáhùn yín ti lọ, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti lọ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ní "ẹ ṣe pẹ̀lẹ́." Pẹ̀lẹ́ kì í ṣe máàkì! Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń darí irú yàrá bẹ́ẹ̀ kò le: kí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan wọ server ní kété tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́; kí aago ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ gan dúró títí ẹ̀rọ mìíràn á fi dé; kí ẹ̀rọ àpamọ́ mélòó kan wà nítòsí; kí UPS tó ń ṣiṣẹ́ wà lábẹ́ tábìlì; kí wọ́n fẹ́ eruku kúrò kí sáà ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀; kí wọ́n sì ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀rọ tó gan àti ohun tó ṣe é sí. Ẹ̀rọ tó bá gan lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìwé yẹn, kò yẹ kí ọmọ kankan tún jókòó síwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, a ò bá yín jà, iṣẹ́ yín wúlò fún wa. Ohun mẹ́ta la bẹ̀ yín. Ẹ sọ ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà fún wa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ kó fáìlì wa pamọ́ kí ẹ tó nu nǹkan kan. Bí disk bá ti ń kú, ẹ sọ fún wa pé ó ń kú, ká lè wá owó òmíràn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ lọ síbì kankan, ẹ kọ́kọ́ wò ó fúnra yín. Bó bá gan, ẹ tẹ Caps Lock: bí iná rẹ̀ bá ń tàn tó ń kú, ẹ̀rọ ò tíì kú, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á yọjú. Ẹ wo èyí tó ti fẹ́ dé 100 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín CPU, Memory àti Disk. Bó bá jẹ́ Memory, àtẹ ti kún. Bó bá jẹ́ Disk, tí kò sì sọ̀kalẹ̀ fún àkókò pípẹ́, ẹ fura sí disk. CrystalDiskInfo ò gbowó, á sọ fún yín bóyá ara rẹ̀ le. Bó bá ń kú nígbà tó bá gbóná nìkan, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ojú rẹ̀ bá di búlúù, ẹ fi fóònù ya àwòrán ohun tó kọ síbẹ̀. Orúkọ àrùn ló kọ sílẹ̀ yẹn. Ẹ kọ "reliability" sínú àpótí ìwákiri Windows, ẹ ó rí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti sọ́fúwíà tó ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó bá gbé àlàyé yìí dání lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà, wọn ò ní lè sọ fún un pé fáírọ́ọ̀sì ni.

Nípa ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ eruku fáànù lẹ́yìn ọyẹ́. Ẹ pa ẹ̀rọ pátápátá kí ẹ tó kì í sínú báàgì. Ẹ má yọ bátìrì tó bá ṣì ń gbé iná díẹ̀. Ẹ dín àwọn sọ́fúwíà tó ń dìde fúnra wọn kù. Áńtífáírọ́ọ̀sì tó bá Windows wá ti tó, ẹ má gbé òmíràn lé e. Bí owó bá dé, SSD ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí RAM tẹ̀ lé e.

Èyí tó ga jù ni ibi tí iṣẹ́ yín wà. Word ń fi iṣẹ́ yín pamọ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá bí ẹ ò bá yí i padà. Ẹ yí i sí ìṣẹ́jú kan. Kí próójẹ́ẹ̀tì wà níbi mẹ́ta: inú láptọ́ọ̀pù, inú fláàṣì, àti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Google Drive ń fúnni ní ààyè 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, próójẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan ò sì lè jẹ dáta yín tán. Ohùn ìyá àgbà ọ̀hún náà, ibi mẹ́ta ni kó wà, lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá gbà á.

Nígbà mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "fáírọ́ọ̀sì ni, a máa fọ́ọ́mátì ẹ̀ ni," ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín, ẹ máa lọ.